Ọkùnrin Bàrígà, obìnrin Bàrígà: kí ló dé tí òfin fi yà wọ́n sọ́tọ̀?

Ká ní tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wà nínú agboolé kan ní Bàrígà. Ẹ̀gbọ́n, tó jẹ́ ọkùnrin, gbé ìyàwó láti Kútọnu. Àbúrò rẹ̀ obìnrin fẹ́ ọkọ láti Tógò. Abala 26 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 gba ìyàwó ẹ̀gbọ́n láàyè láti forúkọ sílẹ̀ kó sì di ọmọ Nàìjíríà nítorí ẹni tó fẹ́. Kò fún ọkọ àbúrò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Abala 27 ló kù fún un, èyí tó ń béèrè pé kó ti gbé nílẹ̀ yìí fún ọdún 15, kí gómìnà sì gbà pé àwọn ará àdúgbò tẹ́wọ́ gbà á.

Bẹ́ẹ̀, ìwé òfin yìí kan náà ló sọ ní abala 42 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jìyà nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Abala náà ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dì mú lọ́dún 2014 nínú ẹjọ́ dúkìá Lazarus Ukeje, tó kú sí Èkó lọ́dún 1981. Wọ́n ní àṣà Ígbò tí kò jẹ́ kí ọmọbìnrin jogún baba rẹ̀ lòdì sí òfin.

Ṣùgbọ́n àṣà nìyẹn. Abala 26 kì í ṣe àṣà, inú ìwé òfin gan-an ló wà. Kóòtù kò lè fi abala kan nínú rẹ̀ pa òmíràn rẹ́; àwọn aṣòfin nìkan ló lè tún un ṣe.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2022, àbádòfin tí ì bá tún un ṣe já kulẹ̀ l'Ábújá, pẹ̀lú àwọn mìíràn tó jẹ mọ́ ẹ̀tọ́ obìnrin. Àwọn obìnrin sì lọ fẹ̀hónú hàn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbìmọ̀.

Àwọn kan ń sọ pé ilé ọkọ ni obìnrin ń lọ, nítorí náà kó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ sí ìlú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò dúró. Abala 25 ti gbà pé ọmọ tí obìnrin Nàìjíríà bá bí, ọmọ Nàìjíríà ni, ibi yòówù kí baba rẹ̀ ti wá. Ohun tí òfin jẹ́ kí ìyá fún ọmọ rẹ̀, kí ló dé tí kò lè fún ọkọ rẹ̀?

Ábújá nìkan kọ́ ló ni iṣẹ́ yìí. Àtúnṣe kò lè di òfin àfi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ 24, ó kéré tán, nínú 36 bá fọwọ́ sí i. Ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú, tí Bàrígà wà nínú rẹ̀, ń rán aṣojú kan lọ sí Ábújá àti méjì lọ sí Aláùsá. Bí wọ́n bá tún wá tọrọ ìbò, ẹ bi wọ́n: ọmọbìnrin yín àti ọmọkùnrin yín, ṣé ẹ̀tọ́ kan náà ni wọ́n ní?