Ẹ Má Gbé Ọgbà Nìkan

Ọdún 1950 ni Ulli Beier àti Susanne Wenger dé Ìbàdàn, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ tí Beier gbà ní Yunifásítì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kúrò nínú ọgbà, tí wọ́n wá ń gbé Ẹdẹ níbí. Ẹdẹ ni Wenger ti pàdé Ajàgẹmọ, àwòrò Ọbàtálá. Ẹdẹ náà ni Beier ti di ọ̀rẹ́ Tìmì Láoyè, ọba tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún. Ká ní ọgbà ni wọ́n jókòó sí, ta ni ì bá fi wọ́n mọ̀nà?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ń lọ ṣèwádìí lókè òkun, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Lóòótọ́, àwọn ará wa níbẹ̀ ló ń báni wá ilé, ìrẹsì wọn sì dùn. Àmọ́ ẹ bá onílé àdúgbò ṣọ̀rẹ́, kí ẹ kọ́ èdè tí wọ́n ń sọ lọ́jà. Kí ẹ tó gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ẹ tọrọ àyè. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ fún un ní ẹ̀dà tirẹ̀. Àlejò kan gba oríkì sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà kan ládùúgbò wa. Títí dòní, màmá ṣì ń bi mí pé, "Ọmọ mi, òyìnbó yẹn ń kọ́?"