Kì í ṣe orúkọ bàbá ló gbé Marvin Harrison Jr. síwájú Nabers àti Odunze

Lọ́jọ́bọ ọ̀sẹ̀ yìí, 25 oṣù kẹrin, ọdún 2024, ni draft NFL máa bẹ̀rẹ̀ nílùú Detroit. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ti máa ń tò tẹ̀ léra wọn láti mú ọmọ yunifásítì tó bá wù wọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí, ariwo àwọn wide receiver, ìyẹn àwọn tó ń sáré lọ síwájú láti hán bọ́ọ̀lù tí quarterback bá jù, ti pọ̀ jù. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́: Marvin Harrison Jr. ti Ohio State, Malik Nabers ti LSU àti Rome Odunze ti Washington.

Tó bá jẹ́ yáàdì nìkan la fẹ́ kà, ọ̀rọ̀ ti tán. Ní sáà 2023, Odunze hán bọ́ọ̀lù 92, ó fi kó 1,640 yáàdì jọ. Nabers ní 89 àti 1,569. Harrison ńkọ́? 67 àti 1,211 péré. Ohun táwọn kan ṣe ń sọ pé orúkọ bàbá ọmọ yìí ló ń tà á nìyẹn. Bàbá náà kì í ṣe èèyàn kékeré o: ó wà nínú Hall of Fame, ó sì hán bọ́ọ̀lù 143 fún Colts ní sáà 2002 nìkan.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ta ló ń ju bọ́ọ̀lù ọ̀hún? Jayden Daniels tó ń jù ú sí Nabers ló gba Heisman. Michael Penix Jr. tó ń jù ú sí Odunze ló ṣe ipò kejì. Ní ti Harrison, C.J. Stroud ló ń jù ú sí i ní 2022: 1,263 yáàdì, touchdown 14. Stroud lọ, Kyle McCord bọ́ síbẹ̀: 1,211 yáàdì, touchdown 14. Ẹni tó ń jù ú yí padà, ọmọ náà ò já wálẹ̀. Bàbá ẹ̀ kọ́ ló bá a ṣèyẹn. Yàtọ̀ síyẹn, ìdíje 12 ló gbá lọ́dún tó kọjá, Odunze gbá 15.

Ẹni tó ń dẹ́rù bà mí ni Nabers. Ìdíje 13 ló gbá, èyí tó túmọ̀ sí nǹkan bíi 120 yáàdì nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan, ó ju ti àwọn méjèèjì lọ. Ju bọ́ọ̀lù kékeré sí i, kó o wá wo bó ṣe máa sá a lọ. Bó bá jẹ́ òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú, mi ò ní bá wọn jà.

Odunze ńkọ́? Orúkọ Igbo ló ń jẹ́, torí náà mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ti wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fowó ọkọ̀ ta tẹ́tẹ́ torí orúkọ, ẹ rọra. Kì í kúkú ṣe pé ọmọ náà ò dáa: ní combine tí wọ́n ṣe ní Indianapolis, níbi tí Harrison àti Nabers ò ti sáré rárá, òun sá 40 yáàdì ní ìṣẹ́jú àáyá 4.45. Nígbà táwọn yòókù ti ṣe tán, ó ṣì dá dúró lórí pápá, ó ń tún eré kan náà sá léraléra kí àkókò ẹ̀ lè dín kù. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Síbẹ̀, mi ò lè bá Harrison wí pé kò sáré. Ẹni tíṣẹ́ ti dúró dè kì í tún jókòó ṣèdánwò.

Owó gidi ló wà níbẹ̀. Àdéhùn ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń fún wọn, nọ́ńbà tí wọ́n bá sì fi mú ẹ ló ń sọ iye tó o máa gbà. Láàárín nọ́ńbà kẹrin àti ìkẹsàn-án, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là ló wà níbẹ̀. Arizona ló ni ìkẹrin. Wọ́n ní Kyler Murray tó máa ju bọ́ọ̀lù, àmọ́ Marquise Brown tó ń hán an ti kọjá sí Kansas City. Tí wọn ò bá ta nọ́ńbà yẹn, Harrison ni kí wọ́n mú. Giants, tó ni ìkẹfà, ni kó mú Nabers. Tí Odunze bá wá dé ọ̀dọ̀ Chicago ní ìkẹsàn-án, ó máa bá DJ Moore àti Keenan Allen níbẹ̀, á sì di dandan kó máa bá wọn pín bọ́ọ̀lù lọ́dún àkọ́kọ́.