Owó Ọjà Lè Kọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́

Ní ìlú Ṣábẹ̀ẹ́, bí obìnrin oníṣòwò kan bá pín ìrẹsì àti òróró fún àwọn opó nígbà ọdún, gbogbo àdúgbò ni yóò máa yìn ín. Ìyìn náà tọ́ sí i. Ẹni tí ebi ń pa kì í béèrè iye ọjọ́ tí oúnjẹ yóò lò kí ó tó jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìrẹsì a máa tán nínú ìkòkò. Bí ọdún bá kọjá, opó náà yóò padà sí ipò tí ó wà, ọmọ rẹ̀ obìnrin yóò sì tún gbé igbá ọjà lérí lọ sí ẹ̀bá títì ní àkókò tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì.

Oore mìíràn wà tí kì í tán bọ̀rọ̀. Irú oore bẹ́ẹ̀ ni obìnrin aláṣọ kan ṣe ní Ìbàdàn, ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Orúkọ rẹ̀ ni Alhaja Humuani Alága. Ìtàn rẹ̀ kò jìnnà sí àwọn oníṣòwò Ṣábẹ̀ẹ́, nítorí pé èdè kan náà ni wọ́n fi ń ná ọjà, ìwà ọjà kan náà ni wọ́n sì mọ̀.

Alhaja Humuani kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìwé. Aṣọ ni ó ń tà ní ọjà Gbági, ó sì di aṣáájú láàrin àwọn aláṣọ. Ní àkókò rẹ̀, àwọn ìjọ Kírísítẹ́nì ni ó ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà tí àwọn ọmọbìnrin lè lọ. Ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ òbí tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí pé ọmọ wọn yóò fi ẹ̀sìn ilé sílẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, àwọn ọmọbìnrin kan jókòó sílé. Ní ọdún 1958, Alhaja Humuani àti àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Isabatudeen sílẹ̀. Ní ọdún 1964, ilé-ẹ̀kọ́ gírámà tí ẹgbẹ́ náà dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ìyá tí kò rí ìwé kọ́ ni ó ṣílẹ̀kùn ìwé fún ọmọ ẹlòmíràn.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta wà nínú iṣẹ́ yìí fún Ṣábẹ̀ẹ́.

Èkínní ni pé kò dá a ṣe. Ó ní owó, ó ní orúkọ, síbẹ̀ ẹgbẹ́ ni ó dá sílẹ̀. Oore tí ẹnì kan ṣoṣo gbé rù lè dúró ní ọjọ́ tí ọjà rẹ̀ bá wó tàbí ní ọjọ́ tí ó bá kú. Ẹgbẹ́ kì í kú bẹ́ẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

Èkejì ni sùúrù. Láti ọdún 1958 sí ọdún 1964 jẹ́ ọdún mẹ́fà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a yìn òun lónìí kò lè dúró fún ọdún mẹ́fà.

Ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù: àwọn obìnrin náà wo ibi tí ilẹ̀kùn ti ṣe gọ́lọ́ sí, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì kàn. Láti ọdún 1955 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ti sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ti ṣí. Ilẹ̀kùn kejì, èyí tí ó lọ sí gírámà, ni ó le fún ọmọbìnrin láti wọ̀.

Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ọ̀rọ̀ náà jọra. Láti ọdún 2006 ni ìjọba ti mú owó ilé-ẹ̀kọ́ kúrò ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún mú un kúrò fún àwọn ọmọbìnrin ní ìpele àkọ́kọ́ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ohun rere ni èyí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni ó ń dá ọmọbìnrin dúró.

Kí á wo ọmọbìnrin kan tí ó parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní abúlé kan lápá Kaboua tàbí lẹ́bàá odò Ọ̀pàrà. Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá jìnnà sí abúlé rẹ̀, ó di dandan kí ó wá ibùgbé. Yóò nílò aṣọ kakí, ìwé àjákọ, bírò, iná tí yóò fi kàwé ní alẹ́ àti oúnjẹ ọ̀sán. Bí ó bá ń gbé lọ́dọ̀ ìbátan, wọ́n lè máa rán an kiri ọjà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí kò bá rí ibùgbé, yóò padà sí abúlé. Kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi máa sọ̀rọ̀ ọkọ fún un. Òfin ìdílé ti ọdún 2004 fi ọdún 18 ṣe ọjọ́ orí ìgbéyàwó. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti fi dáàbò bo ọmọ tí ó wà ní kíláàsì ju ọmọ tí ó ti jókòó sílé lọ.

Níhìn-ín ni owó ọjà ti lè ṣiṣẹ́. Àwọn obìnrin Ṣábẹ̀ẹ́ ń ta gàrí, iṣu, ẹ̀pà, sóyà àti kajú. Wọ́n mọ èsúsú dídá láti ọjọ́ pípẹ́. Bí obìnrin 40 bá ń dá fráǹkì 200 ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó di fráǹkì 8 000 lọ́sẹ̀. Láàrin ọ̀sẹ̀ 30, ó di fráǹkì 240 000. Owó yìí kò lè kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́dún kan, ṣùgbọ́n ó lè ra kakí àti ìwé fún àwọn ọmọ tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Ó sì lè bẹ̀rẹ̀ ilé ibùgbé kan tí àwọn ọmọbìnrin abúlé yóò máa gbé, lábẹ́ ìtọ́jú ìyá kan tí gbogbo ìlú fọkàn tán. Bí obìnrin olówó kan bá wà láàrin wọn, kí ó fi tirẹ̀ lé ti ẹgbẹ́. Olówó kan láàrin òtòṣì mẹ́fà, òun ni ó ṣe ìkeje wọn.

Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé ìṣirò tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè yẹ̀ wò. Àwọn ìyá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ láti kà àti láti kọ ni ó yẹ kí ó máa kọ iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde. Kí wọ́n máa yan ọmọ gẹ́gẹ́ bí àìní rẹ̀, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ìdílé rẹ̀ tàbí ẹ̀sìn rẹ̀. Kí wọ́n má sì jẹ́ kí olóṣèlú kankan sọ ọmọ tí a ràn lọ́wọ́ di pátákó ìpolówó ara rẹ̀. Oore tí ó ń dójú ti ẹni tí a ṣe é fún ti bàjẹ́ ní àárín.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá opó náà kò yàtọ̀. Ní ọdún 2008, obìnrin oníṣòwò mìíràn ní Nàìjíríà, Folorunsho Alakija, dá àjọ Rose of Sharon sílẹ̀ fún àwọn opó àti àwọn ọmọ aláìlóbìí. Àjọ náà ń fún àwọn opó ní owó òwò, ó sì ń sanwó ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ. Kókó ibẹ̀ ni owó òwò. Opó tí ó rí owó fi bẹ̀rẹ̀ òwò lè fi èrè rẹ̀ bọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀, láìtún tọrọ.

Àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ ìjọba ni gbogbo èyí. Òótọ́ ni pé ìjọba ni ó jẹ gbèsè ilé-ẹ̀kọ́, olùkọ́ àti ọ̀nà fún ará ìlú. Kò yẹ kí oore àwọn obìnrin di àwáwí fún un láti jókòó. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin ni ọmọ fi ń ṣe ìpele àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bí ìlú bá fi ọdún mẹ́rin dúró de ìjọba, ọjọ́ orí ọmọ kò ní dúró. Ẹgbẹ́ tí ó ní ìwé ìṣirò ní ọwọ́ sì lè bá mẹ́ẹ̀rì sọ̀rọ̀ kí ó sì gbọ́, ju ẹni tí ó ń dá kùn lọ.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní Ṣábẹ̀ẹ́ ni ó ti kọ́ ilé. Kí wọ́n kó owó jọ báyìí, kí ọdún ẹ̀kọ́ tí ń bọ̀ tó wọlé, kí wọ́n sì kọ́ ọmọ.