Comic Sans: Ká Lò Ó, àbí Ká Fi Í Sílẹ̀?

Bí ẹ bá ń wá fọ́ǹtì tí ẹ máa fi tẹ káàdì ìkésíni tàbí ìwé ọmọdé, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti kìlọ̀ fún yín pé kí ẹ yẹra fún Comic Sans. Ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Vincent Connare ló yà á ní Microsoft lọ́dún 1994. Ó rí ajá kan tó ń sọ̀rọ̀ nínú ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Microsoft Bob, àmọ́ Times New Roman, lẹ́tà ìwé ìròyìn, ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ ẹnu ajá náà. Connare wo lẹ́tà inú àwọn ìwé ìtàn aláwòrán, ó sì ya tirẹ̀ bí ẹni fọwọ́ kọ ọ́. Kò bá Bob jáde mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó wọ inú Windows, kò síbi tí kò dé.

Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ nídìí. Lẹ́tà “a” inú rẹ̀ jọ èyí tí olùkọ́ ń kọ sójú pátákó fún ọmọdé. British Dyslexia Association, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tí ìwé kíkà ń ni lára, kà á mọ́ àwọn fọ́ǹtì tó rọrùn láti kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Arial náà wà níbẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ̀sùn àwọn tó kórìíra rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Tó bá pọ̀ lójú ewé, ibì kan á dúdú ju ibòmíràn lọ. Ó sì lè sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo di eré. Holly àti Dave Combs tilẹ̀ dá ìpolongo sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n fòfin dè é. Ní July 4, 2012, onímọ̀ físíìsì Fabiola Gianotti fi fọ́ǹtì yìí gbé àbájáde ìwádìí èérún Higgs boson kalẹ̀ ní ilé ìwádìí CERN, lẹ́tà sì ni àwọn kan ń sọ dípò ìwádìí. Àmọ́ ṣé lẹ́tà náà bu ìwádìí kù? Rárá. Ìhà méjèèjì ló lè fi ìṣẹ̀lẹ̀ yìí gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀.

Ní tiwa tí à ń kọ Yorùbá, ohun tó ká mi lára jù kò kan ẹwà. Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, kò ní àmì ẹyọ kan fún ẹ́ tàbí ọ̀; ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń to àmì ohùn lé lẹ́tà lórí. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tó jọ ìkọ̀wé ọwọ́ ni kò pèsè àyè fún èyí: àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí kọ̀ǹpútà yá lẹ́tà lọ́wọ́ fọ́ǹtì mìíràn. Ká sòótọ́, àwọn fọ́ǹtì tó dúró ṣinṣin náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà míì.

Lójú tèmi, ẹ lò ó fún ìwé ọmọdé àti káàdì ọjọ́ ìbí. Ẹ má lò ó fún ìwé ètò ìsìnkú tàbí ìwé àdéhùn. Kí ẹ tó sanwó fún atẹ̀wé, ẹ ní kó tẹ ojú ewé kan wá, kí ẹ sì wo ẹ́, ọ̀ àti ṣ lórí bébà.