Ìjà Èmi àti Olórí Ilé Ìkàwé

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kì í ṣe ẹ̀bi ẹlòmíràn ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀bi ara mi ni, àti ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo lọ sí ilé ìkàwé ìjọba tí ó wà ní ìlú wa, mo sì yọ̀ǹda ara mi láti máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ láìgba owó. Wọ́n gbà mí tayọ̀tayọ̀. Mo ń to ìwé sí àyè wọn, mo ń lẹ èyí tí ó ya, mo sì ń kàwé fún àwọn ọmọdé ní ọ̀sán Sátidé. Kò sí ẹni tí ó sọ fún mi ibi tí iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Èmi náà kò sì béèrè. Ibẹ̀ ni ìjà fara pamọ́ sí.

Ní ọjọ́ kan, ọmọ ìlú kan fi páálí mẹ́rin tí ó kún fún ìwé ọmọdé ta ilé ìkàwé lọ́rẹ. Olórí ilé ìkàwé, obìnrin kan tí kò tí ì pé ẹni ogójì ọdún, kó gbogbo wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, ó sì tì í. Ó ní a kò gbọdọ̀ yá ẹnikẹ́ni títí a ó fi kọ orúkọ wọn sínú ìwé ńlá, tí a ó sì lù wọ́n ní òǹtẹ̀. Oṣù kìíní kọjá, oṣù kejì kọjá. Àwọn ọmọ a máa dúró lẹ́yìn gíláàsì, wọn a máa wo ìwé bí ẹni ń wo àkàrà tí kò ní owó lọ́wọ́. Ọmọbìnrin kékeré kan bi mí pé, “Bàbá, kí ni àwọn ìwé yìí ṣe tí wọ́n fi tì wọ́n mọ́lé?”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ní ọjọ́ tí olórí lọ sí ìpàdé, mo mú kọ́kọ́rọ́ nínú dúróà rẹ̀, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì yá àwọn ọmọ ní ìwé mẹ́tàlá. N kò kọ ohunkóhun sílẹ̀.

Nígbà tí ó dé, ó pè mí sí yàrá rẹ̀. “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó fún yín láṣẹ?” Kàkà kí n dáhùn, inú bí mi. Mo ní, “Ìwọ ọmọ àná yìí! Mo ti ń kọ́ ọmọ kí a tó bí ọ.” Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ má fọwọ́ kan ìwé mọ́ títí àwọn tí ó jáde yóò fi wọlé.” Mo fi ìbínú jáde, mo sì kọ ìwé ẹ̀sùn sí àwọn aláṣẹ àgbà pé ó kórìíra ọmọdé.

Ìyàwó mi ni ó là mí lójú. Ó ní, “Bàbá ọmọ mi, ẹ ti ro ẹjọ́ tiyín, ṣé ẹ ti gbọ́ tirẹ̀?” Mo rántí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Mo sì rántí ohun tí Olúwa wa kọ́ni nínú Mátíù orí 18, pé kí a kọ́kọ́ lọ bá ẹni tí ó ṣẹ̀ wá ní ìkọ̀kọ̀. Mo padà lọ.

Ó ṣí ìwé ńlá rẹ̀ hàn mí. “Bàbá, ohun ìní ìjọba ni ìwé kọ̀ọ̀kan níhìn-ín. Bí àwọn ọ́dítọ̀ bá dé, èmi ni wọn yóò bi. Èyí tí ó bá sọnù, owó oṣù mi ni wọn yóò ti yọ ọ́.” Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó kù tí ń ràn án lọ́wọ́. Kì í ṣe ìkórìíra ni ó ti kọ́bọ́ọ̀dù náà. Ọwọ́ ni kò tó. Nínú ìwé mẹ́tàlá tí mo yá àwọn ọmọ, mẹ́sàn-án ni ó padà. Mo san owó mẹ́rin yòókù.

Síbẹ̀, mo sọ èrò ọkàn mi fún un ní pẹ̀lẹ́tù. Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù, ẹ̀wọ̀n irin ni wọ́n fi ń de ìwé mọ́ pẹpẹ. Irú rẹ̀ ṣì wà ní ìlú Hereford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di òní. Ní ọdún 1931, ará Íńdíà kan, S. R. Ranganathan, tí ó ti ṣe olùkọ́ ìṣirò rí, tẹ òfin márùn-ún jáde fún iṣẹ́ ilé ìkàwé. Èkíní nínú wọn ni pé, nítorí kí a lè lò ó ni ìwé ṣe wà. Mo ní, “Ọmọ mi, kọ́bọ́ọ̀dù yìí, ẹ̀wọ̀n tuntun ni.”

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Òótọ́ ni, Bàbá. Ó yẹ kí n ti bẹ̀ yín kí ẹ bá mi kọ wọ́n.”

Ní ọjọ́ kejì a bẹ̀rẹ̀. Èmi ń kọ nọ́mbà, òun ń lu òǹtẹ̀. Òbí sì ń fọwọ́ síwèé kí ọmọ tó mú ìwé lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kọ́bọ́ọ̀dù ṣófo. Mo kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ pé mo ti fa ẹ̀sùn mi padà. Olórí sì kọ iṣẹ́ tí mo lè ṣe àti èyí tí n kò gbọdọ̀ dá ṣe sínú ìwé kan fún mi.

Ẹ̀yin tí ń yọ̀ǹda ara yín, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní ìlú, ọrẹ àtinúwá kò sọ wá di olóhun. Ẹ béèrè ààlà iṣẹ́ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin olórí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìṣọ́ ohun ìní mú yín gbàgbé ẹni tí a tìtorí rẹ̀ ní in. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ mi, ewú orí kì í ṣe ìwé àṣẹ.

Ìwé mẹ́rin náà kò tí ì padà. Bí ọ̀kan bá wà lábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ yín, ẹ rán an wá. A kò ní bá a wí. Òmíràn ni a ó fún un mú lọ.