Omi Ò Gbọdọ̀ Lọ́tàá ní Ọ̀tà

Àwa tí a ń dáko ní Ìjù, Atan àti Adó-Odò, àti àwa tí a ń mu omi kànga àti bóhóòlù ní Sángò-Ọ̀tà, a fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ yìí: ogún ni omi abẹ́ ilẹ̀ wa, a kò sì ní fi oògùn oko bà á jẹ́.

Iyanrìn pọ̀ nínú ilẹ̀ Ọ̀tà, ohun tí a bá sì dà sórí iyanrìn, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Bí òjò ńlá bá rọ̀ lé ajílẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sídìí àgbàdo, yóò yọ́, yóò sì bá ilẹ̀ lọ sínú omi kànga. Náítréètì ni wọ́n ń pe ohun tó ń yọ́ lọ yìí. Kò láwọ̀, kò ní òórùn. Mílígíráàmù 50 nínú lítà omi kan ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ìlànà omi mímu Nàìjíríà fi ṣe ààlà rẹ̀. Bó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú omi tí a fi po oúnjẹ ọmọ ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà lè má gbé atẹ́gùn dáadáa mọ́, ètè rẹ̀ yóò sì dúdú bí aró.

Oògùn oko náà ńkọ́? Ẹ wo ohun tí a ń ṣe. Àgbẹ̀ fín koríko tán, ó sọ ẹ̀rọ kalẹ̀ lẹ́bàá kànga, ó ṣàn án, ó da omi rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Garawa tó fi ṣàn án náà ló tún jù sí kànga, tó fi fa omi mu. Kì í ṣe ìkà. Èdè Òyìnbó ló wà lára ike oògùn, ẹni tó tà á kò sì ṣàlàyé.

Nítorí náà, ìlànà wa nìyí:

1. Àgbẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá omi. Òun ló ń kọ́kọ́ mu ún. A ó kọ́ ọ lédè Yorùbá, nínú oko rẹ̀, a kò ní bú u.

2. A kò ní po oògùn, a kò ní ṣan ẹ̀rọ, níbi tí kò tó ọgbọ̀n ìgbésẹ̀ sí kànga tàbí odò.

3. Ike oògùn kò gbọdọ̀ di ike epo. A ó ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, a ó da omi rẹ̀ padà sínú ẹ̀rọ, a ó fín in sóko, a ó sì dá ike náà lu.

4. Oògùn tí NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, ti fòfin dè, a kò ní rà á, bíi àwọn apakoríko méjì yìí: paraquat láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2024, atrazine láti ọjọ́ kan náà ní 2025. Láti 1991 ni Jámánì ti lé atrazine kúrò lóko wọn nítorí omi abẹ́ ilẹ̀.

5. Díẹ̀díẹ̀ la ó máa fún ọ̀gbìn ní ajílẹ̀, kì í ṣe nígbà tí òjò bá ṣú. Ìgbẹ́ adìẹ náà kò gbọdọ̀ wà lókìtì nítòsí kànga.

6. Òfin tó mú oko gbọdọ̀ mú iléeṣẹ́. Àwọn olùwádìí ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdọ̀tí iléeṣẹ́ ń wọ odò Atuwara. A kò ní gbà kí wọ́n mú alágbàdo, kí wọ́n fi alágbára sílẹ̀.

7. Kí Ìpínlẹ̀ Ògùn àti Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà máa yẹ omi kànga wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, lẹ́ẹ̀rùn àti lójò, kí wọ́n sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ara ògiri ọjà.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ wa, kí ẹ tó po oògùn lọ́la, ẹ ka ìgbésẹ̀ yín láti ibẹ̀ dé ẹnu kànga. Bí kò bá tó ọgbọ̀n, ẹ sún sẹ́yìn.