Ìwádìí Tó Gba Ẹ̀jẹ̀ Lára Wa, Ó Gbọ́dọ̀ Mú Èsì Padà Wálé

Ìwé pẹlẹbẹ sí àwọn ará ìlú, àwọn oníṣègùn àti àwọn aṣòfin

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tí a dìbò yàn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la fẹ́ bá yín sọ. Bí àwọn olùwádìí ìṣègùn bá wọ ìlú wa, tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wa, tí wọ́n bi wá léèrè ohun tí a ń jẹ àti àrùn tó pa àwọn òbí wa, tàbí tí wọ́n fún wa ní oògùn tí wọ́n ṣì ń dán wò, gbèsè wà lọ́rùn wọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ padà wá sọ ohun tí wọ́n rí. Èdè tí wọ́n fi bẹ̀ wá ni kí wọ́n fi sọ ọ́. Ìlú tí wọ́n ti bẹ̀ wá ni kí wọ́n ti sọ ọ́. Àwọn kan ń san gbèsè yìí nítorí pé ọmọlúàbí ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ kì í san án, kò sì sí ohun tó ń ṣe wọ́n. A fẹ́ kí ó di dandan fún gbogbo wọn.

A kò bá ìwádìí jà. Láìsí ìwádìí, àbá ni oníṣègùn ń dá lórí aláìsàn. Nítorí pé a mọ iyì ìwádìí la ṣe ń béèrè kí èso rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó fi ara wọn sílẹ̀ fún un.

OHUN TÍ ARA WA TI KỌ́ ARÁYÉ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ní 1956, David Morley, oníṣègùn ọmọdé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild, Iléṣà. Ó ń tẹ̀lé àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní Ìmẹ̀sí-Ilé láti ìkókó, ó ń wọ̀n wọ́n, ó ń kọ àìsàn wọn sílẹ̀. Inú iṣẹ́ yìí ni káàdì ìdàgbàsókè ọmọ ti jáde, èyí tí a fi ń rí i bóyá ìwọ̀n ọmọ ń gòkè tàbí ó ti dúró sójú kan. Ìyá ọmọ ló ń tọ́jú káàdì náà nílé. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ó sì ran àìmọye ọmọ lọ́wọ́. Ẹ fi sọ́kàn pé ohun tí ìwádìí náà rí kò jìnnà sí ìyá ọmọ: ọwọ́ rẹ̀ ló wà.

Ẹ wo Òsósà, ìlú Hubert Ògúndé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ní àwọn ọdún 1960, dókítà Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, yẹ àwọn ará ibẹ̀ wò. Ẹsẹ̀ àwọn kan ń kú, wọn kò lè rìn déédéé mọ́, ojú wọn ń ṣe bàìbàì, etí wọn ń di. Ọ̀ṣúntókun tọ ipa àrùn náà dé ìdí gbágùúdá tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́, nítorí sáyánáìdì, májèlé tó máa ń kù sínú rẹ̀ bí a kò bá rẹ ẹ́ kó kan dáadáa. Iṣẹ́ yìí gbé orúkọ Ìbàdàn ga láàárín àwọn onímọ̀ ọpọlọ àti iṣan káàkiri ayé.

Ní Ìdíkàn, nílùú Ìbàdàn kan náà, Ọ̀ṣúntókun, Adéṣọlá Ògúnníyì àti Hugh Hendrie láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn ní 1992. Wọ́n ń tẹ̀lé àwọn àgbàlagbà tó pé ọdún 65 sókè, láti mọ ẹni tí àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó máa mú. Èsì jáde ní 2001: nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà Ìbàdàn, àwọn tí Alzheimer, ọ̀kan lára àrùn ìgbàgbé náà, ń mú lọ́dún kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1.15; láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, 2.52 ni. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí fún gbogbo ayé: kò pọn dandan kí ogbó àti ìgbàgbé máa rìn pọ̀.

Ọ̀rọ̀ àbùdá náà wà níbẹ̀. Ènìyàn 90 láti ìdílé 30 ní Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ, ló fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ńlá lórí àbùdá ènìyàn tí wọ́n pè ní HapMap, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002. Sẹ́ẹ̀lì wọn wà ní ìpamọ́ ní ìlú Camden ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí kárí ayé sì ń gbà á lò. Ní 2008, ọkùnrin Yorùbá kan lára wọn di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ gbogbo àbùdá ara rẹ̀ jáde. Nínú àwọn ìwé sáyẹ́ǹsì, lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n fi ń pe gbogbo wọn: YRI.

KÍ LÓ PADÀ WÁ?

Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn iṣẹ́ Ọ̀ṣúntókun, àwọn olùwádìí mìíràn padà sí Òsósà. Ìròyìn wọn jáde ní 2000: àrùn náà ṣì wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí gbogbo ohun tó ń fà á, a kò sì lè di ẹ̀bi rù ẹnì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dunni. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti ka ìròyìn Òsósà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà fún ọdún gbọọrọ, àìsàn kò sì kúrò ní Òsósà.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ wá sí ilé àwọn aboyún. Láàárín 2010 sí 2016, abiyamọ 20,060 ní orílẹ̀-èdè 21, Nàìjíríà wà lára wọn, kópa nínú ìwádìí WOMAN lórí oògùn tranexamic acid. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn lẹ́yìn ìbímọ ni. Èsì tó jáde ní 2017 fi hàn pé bí wọ́n bá fún abiyamọ ní oògùn náà láàárín wákàtí mẹ́ta, iye tí ẹ̀jẹ̀ dídà ń pa ń dín kù láti 1.7 nínú ọgọ́rùn-ún sí 1.2. Àjọ Ìlera Àgbáyé yí ìlànà rẹ̀ padà lọ́dún náà gan-an. Ara àwọn abiyamọ wa ni wọ́n fi mọ èyí. Aboyún mélòó ló wá mọ̀ ọ́n débi tí yóò fi béèrè, kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé, bóyá oògùn náà wà níbi tí òun fẹ́ bímọ sí?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní 2019, ìwádìí CREOLE tí wọ́n ṣe pẹ̀lú aláwọ̀ dúdú 728 ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́fà, Nàìjíríà wà níbẹ̀, fi hàn pé ìfúnpá àwọn tí amlodipine wà nínú àkànpọ̀ oògùn wọn wálẹ̀ ju ti àwọn tí kò sí nínú tiwọn. A kò ní kí aláìsàn máa yí oògùn padà fúnra rẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí ó mọ èyí, kí ó lè fi bi dókítà rẹ̀ léèrè.

Àwọn bàbá wa ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ọpẹ́ tí a ń béèrè kì í ṣe owó. Èsì ni.

BÍ WỌ́N BÁ FI ÌLÚ SÍNÚ ÒKÙNKÙN

Ní 1996, àrùn yírùnyírùn jà ní àríwá Nàìjíríà, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ilé iṣẹ́ oògùn Pfizer wá sí Kánò. Wọ́n fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọmọ ní Trovan, oògùn tí wọ́n ṣì ń dán wò, wọ́n sì fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mìíràn ní oògùn ceftriaxone. Ọmọ 11 ló kú, márùn-ún nínú àwọn tó gba Trovan, mẹ́fà nínú àwọn yòókù. Àwọn òbí ní kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún àwọn pé ìdánwò oògùn ni. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn gba ìyọ̀ǹda látẹnu wọn. Ìwé ìròyìn Washington Post ló tú u síta ní 2000. Ní 2009, Pfizer àti Ìpínlẹ̀ Kánò fi mílíọ̀nù 75 dọ́là parí ẹjọ́, ilé iṣẹ́ náà kò sì gbà pé òun jẹ̀bi.

Àbájáde rẹ̀ ju ti kóòtù lọ. Ní 2003, Kánò àti àwọn ìpínlẹ̀ míì ní àríwá dá àjẹsára àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró, àrùn náà sì tàn láti ibẹ̀ dé orílẹ̀-èdè mìíràn. Ìrántí Trovan wà lára ohun tó mú kí ọ̀pọ̀ òbí máa bẹ̀rù. Ẹni tí wọn kò bá sọ òótọ́ fún nípa ìwádìí kan yóò máa fura sí gbogbo ìwádìí, yóò sì máa fura sí ìtọ́jú tó lè gba ọmọ rẹ̀ là.

TI ALÁÌSÀN KAN ṢOṢO ŃKỌ́?

Ìwádìí ńlá nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Dókítà lè kọ ìròyìn nípa aláìsàn kan péré, kí ìròyìn náà sì yí ìmọ̀ padà. Ní 1910, James Herrick ní Chicago kọ̀wé nípa ọ̀dọ́mọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú eyín kan láti erékùṣù Grenada, tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ bíi dòjé. Ìròyìn àkọ́kọ́ nìyẹn nínú ìwé ìṣègùn Òyìnbó nípa àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tó ń dààmú àìmọye ìdílé nílẹ̀ wa dòní. Nítorí náà a fẹ́ kí àwọn dókítà wa máa kọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì kọ púpọ̀ sí i. Àmọ́ aláìsàn tí wọ́n ń kọ nípa rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ kọ, kí ó gbà, kí wọ́n sì bo ojú àti orúkọ rẹ̀ láṣìírí.

OHUN TÍ ÒFIN TI SỌ ÀTI OHUN TÓ KÙ

Òfin Ìlera Nàìjíríà ti 2014, ní ìpín 32, sọ pé wọn kò gbọdọ̀ ṣe ìwádìí lára ẹnikẹ́ni láìgba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣàlàyé ìdí ìwádìí náà àti ohun tó lè ṣe fún ìlera rẹ̀. Òfin tó dára ni. Ìbẹ̀rẹ̀ ìwádìí ló tẹnu mọ́. Ìparí rẹ̀ ni a ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìkéde Helsinki, tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àgbáyé kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ní 1964, sọ nínú àtúnṣe ti 2013 pé ẹni tó bá kópa nínú ìwádìí yẹ kí ó láǹfààní láti gbọ́ èsì rẹ̀. Ohun tí a ń béèrè kì í ṣe àjèjì sí àwọn oníṣègùn. Àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ nìwọ̀nyí:

Èkínní, kí àlàyé ìwádìí wà ní èdè ẹni tí wọ́n ń bẹ̀. Kí wọ́n kà á sókè fún ẹni tí kò mọ̀wé, kí ẹlẹ́rìí tó gbẹ́kẹ̀ lé jókòó tì í, kí wọ́n sì fún un láyè láti lọ bá àwọn ará ilé rẹ̀ jíròrò kí ó tó tẹ̀ka.

Èkejì, kí èsì padà dé ìlú náà kí ọdún kan tó pé lẹ́yìn tí ìwádìí bá parí. Ojú ewé méjì ní èdè ìlú ti tó, pẹ̀lú ìpàdé ní gbọ̀ngàn ìlú àti ètò lórí rédíò. Bí oògùn náà kò bá ṣiṣẹ́, kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, bí wọ́n bá rí àìsàn lára ẹnì kan lásìkò ìwádìí, bóyá ìfúnpá gíga tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kí wọ́n sọ fún un ní bòókẹ́lẹ́, kí wọ́n sì júwe ibi tí yóò ti gba ìtọ́jú.

Ẹ̀kẹrin, kí ìwádìí oògùn tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí oògùn náà yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n fi dán an wò bí ó bá ṣiṣẹ́.

Ẹ̀karùn-ún, èyí sì ni òpó tó gbé ilé yìí dúró: kí ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìwádìí ní ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan má fọwọ́ sí tuntun fún olùwádìí tí kò tíì mú èsì ti àtẹ̀yìnwá padà fún ìlú tó ti ṣe é. Èyí kò ní kí a kọ́kọ́ dúró de Abuja. Àwọn ìgbìmọ̀ náà ti wà, wọ́n sì lè bẹ̀rẹ̀ ní ìpàdé wọn tó kàn.

ÌDÁHÙN SÍ ÀWỌN TÓ LÈ TAKÒ WÁ

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ìṣègùn ti jinlẹ̀ jù fún ará ìlú. Àwọn ìyá Ìmẹ̀sí-Ilé ti dáhùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí ilé ẹ̀kọ́ wọ̀, síbẹ̀ wọ́n tọ́jú káàdì, wọ́n sì mọ̀ nígbà tí ìwọ̀n ọmọ bá dúró. Bí ẹnì kan kò bá lè fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tó rí, kí ó wá ẹni tó lè bá a ṣàlàyé rẹ̀.

Àwọn kan á ní owó kò sí. Owó wà láti ra mọ́tò ìwádìí, láti gbé ẹ̀jẹ̀ sínú yìnyín lọ sókè òkun, láti sanwó fún jọ́nà tó ń tẹ ìwádìí jáde. Kí wọ́n fi owó ìpadàbọ̀ sínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò ní pọ̀ tó ti mọ́tò.

Àwọn kan á ní èsì lè ba ìlú lórúkọ jẹ́, kí wọ́n máa pe ìlú kan ní ìlú alárùn. Ọ̀rọ̀ yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ìdí gan-an nìyẹn tó fi yẹ kí àwọn ará ìlú kọ́kọ́ gbọ́, kí wọ́n lè bá olùwádìí sọ bí wọn yóò ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà síta. Bí ìlú kò bá mọ̀, jọ́nà ti kọ orúkọ rẹ̀ síta ná.

Àwọn kan sì ń bẹ̀rù pé àwọn olùwádìí á sá lọ sí ibòmíràn. Ẹni tó bá sá nítorí pé a ní kí ó sọ òótọ́ fún wa, kí ó máa lọ. Ẹni tó bá dúró yóò rí ìlú tí yóò ṣí ilẹ̀kùn fún un lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, nítorí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ní olóòótọ́.

Ẹ̀YIN ARÁ ÌLÚ

Bí wọ́n bá wá bẹ̀ yín pé kí ẹ kópa nínú ìwádìí, ẹ má lé wọn, ẹ má sì kàn tẹ̀ka. Ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́rin: Kí lẹ fẹ́ mọ̀? Ewu wo ló wà níbẹ̀ fún mi? Ṣé mo lè jáwọ́ nígbà tó bá wù mí, kí ìtọ́jú mi má sì dúró? Ọjọ́ wo lẹ ó padà wá sọ èsì fún wa, ta ni yóò sì sọ ọ́? Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdáhùn ìbéèrè kẹrin sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin dókítà, ẹ mú èsì tó wà nínú dúrọ́ọ̀ yín padà lọ sí ìlú tí ẹ ti rí i. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn, ẹ má fọwọ́ sí ìwé ẹni tó jẹ gbèsè. Ẹ̀yin aṣòfin, ẹ fi ìparí ìwádìí kún òfin tó ti dáàbò bo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìmọ̀ tí wọ́n bá rí lára wa, tiwa náà ni; kí wọ́n mú un padà fún wa.